Ìyẹ̀fun tí kò wú: ìtàn búrẹ́dì Agége àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwa ará Òkè-Ògùn

  Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bu omi mu, kí ẹ kà á dé ìparí. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jíjẹ mímu ni pẹ̀lú.

Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ kò fara sin. Láti ìgbà tí owó fláwà ti gbéra sọ, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn oníkéèkì, àwọn aládínsín àti àwọn tó ń ta pọ́fù-pọ́fù ń sunkún. Àwọn mìíràn ti pa iná ààrò wọn. Bí wọ́n bá wá fún ìgbaninímọ̀ràn, ìbéèrè kan náà ni a sábà ń gbọ́: "Pásítọ̀, ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mi?" Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Béèyàn bá ti gba irú èrò yẹn láyè, kò ní wo inú ọpọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́. Ojúlé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni yóò máa wò.

A gbà pé ọ̀tá wà. Bíbélì kò fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyẹ̀fun tí kò wú ni àjẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn búrẹ́dì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí kò wú

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí kejìlá. Lóru ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì, ìyẹ̀fun tí wọ́n pò kò tíì wú. Àwọn ará Íjíbítì ń tì wọ́n jáde, kò sí àyè láti dúró. Wọ́n fi aṣọ di ọpọ́n ìpòyẹ̀fun, wọ́n gbé e lé èjìká, ó di ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dúró láti jẹun, ìyẹ̀fun náà ni wọ́n fi ṣe àkàrà pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà.

Òótọ́ ni pé Olúwa ti sọ̀rọ̀ àkàrà àìwú fún Mósè ṣáájú òru yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ kọkàndínlógójì dáadáa. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé wọn kò ráyè dúró, wọn kò sì pèsè oúnjẹ kankan sílẹ̀. Lójú alásè búrẹ́dì, iṣẹ́ tó bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ fún oníbàárà, yóò dá a padà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àkàrà tí kò wú yẹn di àjọ̀dún. Ọjọ́ méje gbáko lọ́dọọdún ni wọ́n ń jẹ ẹ́, títí di òní olónìí. Ìwé Diutarónómì pè é ní oúnjẹ ìpọ́njú, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kí wọ́n lè máa rántí ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ẹ ṣàkíyèsí i pé wọn kò da ìyẹ̀fun náà nù. Wọn kò sì dúró sí Íjíbítì pé kó wú kí àwọn tó lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni wọ́n fi ṣe, ẹsẹ̀ wọn sì ń lọ.

Ẹ fi èyí sí apá kan. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ará Jàmáíkà tó wá sí Èkó

Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àwọn baba ńlá wa. Àmàlà, ẹ̀kọ, iyán àti èkuru ni tiwa. Àwọn òyìnbó, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì àti àwọn Sàró ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ní Èkó láyé ọjọ́un. Oúnjẹ àwọn díẹ̀ ni, oúnjẹ àríyá ni.

Ní 1913, ọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí Èkó láti erékùṣù Jàmáíkà. Amos Stanley Wynter Shackleford ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1887 ni wọ́n bí i. Ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó kọjá òkun ni àwọn ará Jàmáíkà, nítorí náà, ẹ lè sọ pé ọmọ wa tó padà wálé ni. Ìdí iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá. Akọ̀wé ni. Nígbà yẹn, àkàwé ńlá ni iṣẹ́ rélùwéè: owó oṣù ń wọlé, aṣọ funfun wà lọ́rùn, gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún ọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó fi rélùwéè sílẹ̀, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ parí ní 1918. Fún ìgbà díẹ̀, ọjà gbóná, owó epo pupa àti èkùrọ́ lọ sókè. Nígbà tó fi máa di 1920 sí 1921, ọjà wó lulẹ̀ káàkiri ayé. Owó irè oko já wálẹ̀ pátápátá. Àwọn oníṣòwò Èkó tó ti ra ọjà sílẹ̀ lówó iyebíye wọ gbèsè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún gbérí mọ́. Ojú ọ̀nà tí Shackleford ń gbà jẹun náà dí.

Ẹ fojú inú wò ó. Àlejò ni nílùú. Ó ti kúrò nídìí iṣẹ́ ìjọba. Ìṣòwò tó bá lọ ti dẹnu kọlẹ̀. Jàmáíkà sì jìn, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e dé ibẹ̀.

Ní 1921 yẹn kan náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Búrẹ́dì lásán! Akọ̀wé tó ti ń fi kálámù ṣiṣẹ́ wá ń pò fláwà. Ṣùgbọ́n láti inú ààrò yẹn ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ti jáde, Ọba Búrẹ́dì Nàìjíríà. Òun kan náà wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Marcus Garvey ní Èkó, ó sì bá Herbert Macaulay ṣe òṣèlú. Ó kú ní 1954. Nígbà tí Peter Kilby, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ búrẹ́dì Nàìjíríà, tó jáde ní 1965, ọ̀rọ̀ Shackleford kò ṣeé yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ jáde

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí la dé báyìí. Ohun tí wọ́n máa ń yin Shackleford sí ni pé òun ló mú ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ dough brake wọ Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé bẹ́kìrì rí, ẹ ti rí i: irin roboto méjì tó ń yí, tó dojú kọ ara wọn. Wọ́n á ki ìyẹ̀fun pípò sáàárín rẹ̀, yóò fún un pẹlẹbẹ, yóò jáde lódì kejì. Wọ́n á ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́. Wọ́n á tún ṣe é, wọ́n á tún ṣe é, títí ìyẹ̀fun náà yóò fi máa dán, tí yóò sì máa fà bí awọ.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an? Ó ń fún àwọn ihò afẹ́fẹ́ ńláńlá jáde kúrò nínú ìyẹ̀fun. Afẹ́fẹ́ tí òyìnbó ń fẹ́ nínú búrẹ́dì tirẹ̀, tó fi ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, ìyẹn náà ni ẹ̀rọ yìí ń lé dànù. Bó bá wá dé inú ààrò, yóò wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò kún dẹ́ńdẹ́ń. Ohun tí a mọ̀ sí búrẹ́dì Agége nìyẹn. Béèyàn bá fi òṣùwọ̀n búrẹ́dì ilẹ̀ òkèèrè wọ̀n ọ́n, yóò ní kò wú tó, ó le jù, ó wúwo jù. Yóò ní iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, kí ni àwa fi ń jẹ búrẹ́dì? Ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà aganyin tí epo rẹ̀ ń dán. Ẹ ki búrẹ́dì tó kún fún afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ̀wà, ẹ wò ó bóyá kò ní já sínú abọ́. Ẹ rì í sínú tíì gbígbóná, yóò yọ́. Agége kì í yọ́. Ẹ fi ọwọ́ ya á, yóò fà. Ẹ fi kó ẹ̀wà, yóò gbé e dé ẹnu. Ó ń yó èèyàn. Bíríkìlà jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó gun àkàbà di ọ̀sán. Ohun tí a bá pè ní àléébù nílé ẹlòmíràn, ìwúlò ni nílé tiwa.

Agége fúnra rẹ̀, ìlú ojú irin ni. Ọ̀nà rélùwéè tó jáde láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ibẹ̀ ló gbà. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn tó ń kiri á gbé búrẹ́dì dé ojú fèrèsé, àwọn èrò á sì rà á lọ sílé. Orúkọ ìlú wá lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì. Lónìí, béèyàn bá dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò rí búrẹ́dì Agége rà. Búrẹ́dì tí kò jọ ti òyìnbó ti wọ ilé òyìnbó lọ, kò sì pààrọ̀ orúkọ.

Ìgbà tí fláwà wọ́n

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé gbogbo ìjákulẹ̀ ló máa ń di ayọ̀ bí a bá ṣáà ti pariwo Haleluya lé e lórí, ẹ jẹ́ ká sọ apá kejì ìtàn náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1987, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de àlìkámà tó ń wọlé láti òkè òkun. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè kò sí lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ní kí á gbin àlìkámà tiwa. Lápá Òkè Ọya, wọ́n fi omi dáàmù gbin ín. Kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà, ẹ ò lè gbàgbé. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ bẹ́kìrì ti ilẹ̀kùn. Àwọn onífàyàwọ́ ń gbé fláwà gba ẹnubodè wọlé. Ní 1992, ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Lásìkò yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, àti àwọn ti FIIRO ní Òṣòdì ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n máa po ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ fláwà. Nígbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, Dókítà Akínwùmí Adéṣínà tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn gbé ọ̀rọ̀ náà kanrí, Ààrẹ fúnra rẹ̀ sì jẹ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ ní gbangba.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà wá dé? Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí yín, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Búrẹ́dì àlìkámà ni. Ìdí kan nìyí, kò sì jẹ mọ́ ọ̀tá. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó máa ń fà bíi rọ́bà bí a bá pò ó. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ ìwúkàrà mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní wú. Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ṣe dá a. Ẹ̀gẹ́ kò ṣẹ̀. Àwa la ní kó wá jọ àlìkámà.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀

Níbí ni Òkè-Ògùn ti wọlé, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní agbègbè wa yìí, ilẹ̀ iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni. Àwọn ìyá wa kò bá ẹ̀gẹ́ jà pé kó di búrẹ́dì. Wọ́n bó o, wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí tó fi kan, tó rọ̀, tó ń rùn. Àlejò tó bá débẹ̀ á ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n kó o jáde, wọ́n sá a sórí àpáta, ó gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́. Láfún dé.

Iṣu náà ńkọ́? Iṣu kì í pẹ́ kó tó jẹrà. Nígbà tó bá ṣẹ́ kù lábà, wọ́n á bó o, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, á sùn nínú omi náà mọ́jú, wọ́n á sá a lóòrùn. Ó di gbodo, gbodo di èlùbọ́, èlùbọ́ wọ mọ́tò, ó di Ìbàdàn, ó di Èkó. Dúdú ni àmàlà rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé nǹkan ti ṣe é. Ẹ bi ará Ìbàdàn bóyá ó fẹ́ kó funfun.

Ẹ wo àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé igbá wàrà wọ ọjà Ṣakí àti Ìséyìn. Wàrà tútù kì í pẹ́ dì nínú oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Wọn kò jókòó tì í kó máa bàjẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ń fi omi ewé bomubomu dì í lórí iná. Wọ́n gba iwájú ìbàjẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọjà.

Ṣé ẹ rí okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀? Àkàrà Ísírẹ́lì, búrẹ́dì Agége, láfún, gbodo àti wàrà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yege nítorí pé ó padà wú bíi ti ẹlòmíràn. Wọ́n yege nígbà tí ẹnì kan béèrè pé, "Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kí ló wúlò fún?" tó sì ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ìyanu kò yọ iṣẹ́ kúrò. Iṣẹ́ ni Ọlọ́run fi ń gbé ìyanu rù.

Ìmọ̀ràn wa

Nítorí náà, ẹ̀yin ará tí iṣẹ́ yín ti dojú dé, ẹ gbọ́ wa.

Àkọ́kọ́, ẹ wẹ̀yìn wò. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tó gbé yín ṣubú gan-an. Ṣé yíìsì ti kú ni? Ṣé iná ló pọ̀ jù? Ṣé àwìn lẹ ń tà, tí ẹni kẹ́ni kò san? Ṣé owó fláwà ló gun orí owó tí ẹ ń tà á? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ gbé ìwé náà wá bá wa, a ó gbàdúrà lé ohun tí a mọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí ìtúsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá tí ẹ kò rí, nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò ọjà ni kò pé.

Èkejì, ẹ má fi òṣùwọ̀n Èkó wọn ara yín ní Ìgbòho. Bí kéèkì olówó ńlá kò bá tà, kí ló ń tà? Àwọn ọmọ ilé ìwé ń jẹ nǹkan lójoojúmọ́. Àwọn awakọ̀ ń jẹun ní gáréèjì. Ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, àgbàdo wà, èpà wà, wàrà wà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ní búrẹ́dì lè ṣeé ṣe ní ìpápánu.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ẹ̀rọ yín. Shackleford kò fi ọwọ́ lásán di Ọba Búrẹ́dì. Ó wá ohun èlò tó mú iṣẹ́ rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tiyín lè jẹ́ kíkọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ òǹkà owó. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́ta ẹ da owó pọ̀, kí ẹ ra ẹ̀rọ kan.

Èyí tó kẹ́yìn, àwa ìjọ ni ó kàn. Opó Sáréfátì ní ìyẹ̀fun ìkúnwọ́ kan àti òróró díẹ̀, ohun tí òun àti ọmọ rẹ̀ fẹ́ jẹ kí wọ́n tó kú. Wòlíì kò kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà nìkan. Ó jókòó nílé rẹ̀, ó jẹ nínú rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Bí arábìnrin kan nínú ìjọ bá ń dín nǹkan tà, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kí ẹ tó kọjá lọ sí ibòmíràn. Ẹ san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní, "Arábìnrin, Olúwa á san án fún yín." Olúwa ti fi owó náà sí àpò tiyín.

A bẹ Olúwa fún gbogbo ẹni tí ọpọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ wà lójú ọ̀nà lónìí, tí kò tíì wú, tí wọ́n sì ń tì í jáde. Kí Olúwa fún un ní èjìká tó máa gbé e. Kí Ó fún un ní ojú tó máa fi rí ìwúlò rẹ̀. Kí Ó fún un ní ọwọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn tí yóò rà á. Ní orúkọ Jésù.

Bó bá kan yín, ẹ kọ Àmín sábẹ́. Ẹ sì kọ orúkọ ohun tí ẹ ń tà àti ìlú tí ẹ wà tẹ̀ lé e, kí àwọn ará lè mọ ibi tí wọn yóò ti rà á.